Àpò Iṣẹ́ Afọkọ̀ Alárìnká: Àlàyé lórí Ìpínyà Ẹrù

1.0 Ìfáárà

Oríṣi afọkọ̀ méjì ni ó wọ́pọ̀ ní àwọn ìlú ńláńlá ilẹ̀ Yorùbá. Èkíní ni afọkọ̀ tí ó ní ibùdó: ó ní ẹ̀rọ omi, ó ní àgbá, ó ní pẹpẹ tí ó ń to ọṣẹ àti ìda sí, àwọn oníbàárà ni wọ́n sì ń gbé ọkọ̀ tọ̀ ọ́ wá. Èkejì ni afọkọ̀ alárìnká. Òun kò ní ìsọ̀. Ilé oníbàárà, ọgbà ilé-iṣẹ́ tàbí ibi ìgbọ́kọ̀sí ni ó ń lọ, gbogbo ohun tí ó fi ń ṣiṣẹ́ ni ó sì ń gbé dání: garawa ní ọwọ́, àpò ní èjìká, tàbí kí ó di méjèèjì mọ́ ẹ̀yìn alùpùpù. Afọkọ̀ kejì yìí àti ohun tí ó ń kó ẹrù rẹ̀ sí ni iṣẹ́ yìí dá lé lórí.

Lójú ẹni tí kò fara balẹ̀ wò ó, ọ̀rọ̀ àpò afọkọ̀ lè dà bí ohun tí kò tó àpérò. Bẹ́ẹ̀ sì ni ewu mẹ́ta ni ó ń ti inú àpò tí kò létò jáde. Ọ̀dà ọkọ̀ oníbàárà lè bàjẹ́. Afọkọ̀ fúnra rẹ̀ lè fa afẹ́fẹ́ olóró símú. Ọmọdé sì lè gbé ohun tí yóò bó o lọ́nà ọ̀fun mu. Kókó ọ̀rọ̀ tí iṣẹ́ yìí fẹ́ fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ ni pé gbígbé ẹrù kiri kọ́ ni olórí iṣẹ́ àpò, ìpínyà ni. Àpò tí ó rọrùn láti gbé ṣùgbọ́n tí kò ya ẹrù sọ́tọ̀ kò tíì ṣe iṣẹ́ tí wọ́n rán an.

2.0 Ohun tí ó wà nínú ẹrù náà

Bí ènìyàn bá tú ẹrù afọkọ̀ alárìnká palẹ̀, ìsọ̀rí mẹ́rin ni ó máa ń rí:

(a) Ohun ìfọ̀: ọṣẹ olómi àti ọṣẹ ẹlẹ́tù.
(b) Ohun ìnù àti ohun ìgbo: fóòmù, kànrìnkànrìn, aṣọ ìnukọ̀, awọ ìnukọ̀ àti búrọ́ọ̀ṣì.
(d) Kẹ́míkà líle: omi ìfọ ríìmù tí òmíràn nínú rẹ̀ ní ásíìdì, bílíìṣì tí wọ́n fi ń fọ ìdọ̀tí inú ọkọ̀, àti omi ìnu gíláàsì tí òmíràn ní amóníà nínú.
(e) Ohun ìdán: ìda tí ń mú ọ̀dà dán, òróró táyà, àti agolo olóòórùn dídùn tí wọ́n ń tẹ̀ lórí kí ó tó fọ́n jáde.

Kò sí èyí tí kò wúlò nínú wọn. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti wà papọ̀ nínú garawa kan ṣoṣo, gẹ́gẹ́ bí ó ti máa ń rí, wọ́n ti ń ṣe ara wọn níbi kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀.

3.0 Àwòṣe ti ìbílẹ̀

Àwọn Yorùbá kò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa ru ohun iṣẹ́ kiri. Onígbàjámọ̀, oníkọlà, ọdẹ àti oníṣègùn jẹ́ oníṣẹ́ tí àpò wọn kì í jìnnà sí wọn. Ohun tí ó yẹ kí ènìyàn ṣàkíyèsí ni pé àwọn baba ńlá kò fi ohun ìkẹ́rù kan ṣoṣo ṣe gbogbo iṣẹ́. Ọdẹ ní àpò, ó sì ní apó. Ìyàtọ̀ ohùn ni ó wà láàrin ọ̀rọ̀ méjèèjì. Ìyàtọ̀ iṣẹ́ ni ó wà láàrin ohun méjèèjì. Apó jẹ́ ti ọfà. Nítorí pé ọfà ń gún ènìyàn, tí òmíràn sì ní oró lẹ́nu, kò yẹ kí ó bá ohun mìíràn wà nínú àpò tí olówó rẹ̀ ń ki ọwọ́ bọ̀ nígbàkúùgbà.

Àdó pẹ̀lú jẹ́ àpẹẹrẹ tí ó ṣe kedere. Ahá kékeré ni, ètù ni wọ́n sì ń rọ sínú rẹ̀. Bí àdó mẹ́wàá bá wà nínú àpò kan, oríṣi ètù mẹ́wàá lè máa bá ènìyàn rìn láìdàpọ̀. Ní ti àwọn babaláwo ẹ̀wẹ̀, ọpọ́n igẹ̀dẹ̀ wà. Ojú kan wà láàrin rẹ̀ fún ikin, àwọn ojú mìíràn sì yí i ká fún ohun bí ẹfun, osùn àti èédú. Ẹni tí ó gbẹ́ ọpọ́n náà ti fi igi sọ ibi tí ohun kọ̀ọ̀kan yóò máa gbé. Kò di dandan kí ẹni tí ń lò ó máa rántí rẹ̀ lójoojúmọ́.

Ìlànà mẹ́ta ni ó jáde láti inú àwọn àpẹẹrẹ wọ̀nyí. Ohun tí ó lè pani kì í bá ohun àmúlò lásán gbé. Ohun kọ̀ọ̀kan ní ojú tirẹ̀. Ìrísí ohun ìkẹ́rù sì ni ó yẹ kí ó máa sọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀. Ìlànà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni àpò afọkọ̀ nílò.

4.0 Ìpínyà kìíní: iyanrìn àti aṣọ ìnukọ̀

Lórí òṣùwọ̀n líle òkúta tí Friedrich Mohs, ọmọ ilẹ̀ Jámánì, gbé kalẹ̀ ní 1812, ipò 1 ni ohun tí ó rọ̀ jù wà, ipò 10 sì ni ti dáyámọ́ǹdì. Òkúta kúọ́tìsì, tí ó pọ̀ jù nínú iyanrìn, wà ní ipò 7. Gíláàsì fèrèsé kò ju nǹkan bí 5.5 lọ, ọ̀dà ọkọ̀ sì rọ̀ ju gíláàsì lọ púpọ̀. Ìtumọ̀ èyí ni pé hóró iyanrìn kan ṣoṣo lágbára láti ha ọ̀dà ọkọ̀ èyíkéyìí. Àwọ̀ ọkọ̀ òde òní ní ìpele bíi mélòó kan, èyí tí ó mọ́ gaara ni ó sì máa ń wà lókè pátápátá. Síbẹ̀, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá mìlímítà ni gbogbo wọn nípọn lápapọ̀. Ohun tí ó ti fẹ́lẹ́ tó bẹ́ẹ̀ kò ní èyí tí yóò fi tọrẹ.

Láàrin oṣù kọkànlá sí oṣù kẹta ni ìṣòro yìí máa ń pọ̀ sí i, nítorí pé ìgbà náà ni ọyẹ́ máa ń gbé eruku wá láti aṣálẹ̀ Sàhárà, pàápàá láti agbègbè Bodélé ní orílẹ̀-èdè Chad. Kúọ́tìsì wà nínú eruku náà pẹ̀lú.

Ọ̀nà tí ìbàjẹ́ ń gbà dé kò ṣòro láti mọ̀. Aṣọ ìnukọ̀ bọ́ sílẹ̀. Afọkọ̀ gbọ̀n ọ́n, ó dà á padà sínú àpò. Hóró iyanrìn gba ara aṣọ yìí dé ara àwọn yòókù. Ní ilé oníbàárà kejì, aṣọ tí kò kan ilẹ̀ rí ni ó ń ha ọkọ̀. Aṣọ onífọ́nrán tín-ín-rín ti òde òní kò yọ ewu yìí kúrò. Agbára tí ó fi ń di eruku mú náà ni kì í jẹ́ kí gbígbọ̀n lásán tó. Fífọ̀ ni ó ń tú u sílẹ̀.

Nítorí náà, àpò méjì ni aṣọ nílò: ti aṣọ mímọ́ àti ti aṣọ tí ó ti ṣiṣẹ́. Aṣọ tí ó bá kan ilẹ̀ ti di aṣọ táyà títí wọn yóò fi fọ̀ ọ́. Garawa náà yẹ kí ó pé méjì, ọ̀kan fún omi ọṣẹ, èkejì fún ṣíṣan fóòmù kí ó tó padà sínú ọṣẹ. Bí wọ́n bá tẹ́ pákó ike oníhò sí nǹkan bí ìka mẹ́ta sókè ìdí garawa, iyanrìn yóò gba ojú ihò rì sí ìsàlẹ̀, ọwọ́ kì yóò sì tún rú u sókè. Búrọ́ọ̀ṣì àti aṣọ ríìmù kò gbọdọ̀ bá èyí tí wọ́n fi ń nu ara ọkọ̀ gbé rárá, nítorí pé eruku irin tí bíréèkì ń rẹ́ sílẹ̀ máa ń wà lára ríìmù.

5.0 Ìpínyà kejì: ásíìdì àti bílíìṣì

Ìpínyà kìíní dáàbò bo ọkọ̀. Èkejì dáàbò bo afọkọ̀. Bílíìṣì jẹ́ àpòpọ̀ omi àti kẹ́míkà tí ó ń jẹ́ sodium hypochlorite. Bí ó bá pàdé ásíìdì, afẹ́fẹ́ klórínì ni ó ń jáde. Afẹ́fẹ́ yìí kan náà ni àwọn ọmọ ogun Jámánì tú sílẹ̀ ní Ypres, ní ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù, ní ọjọ́ 22 oṣù kẹrin, 1915, tí ó sì pa ọ̀pọ̀ ọmọ ogun. Èyí tí garawa lè tú jáde kò tó ti ojú ogun, ṣùgbọ́n ó tó láti ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́, pàápàá nínú ọkọ̀ tí ìlẹ̀kùn rẹ̀ wà ní títì. Bí bílíìṣì bá sì pàdé amóníà, afẹ́fẹ́ olóró mìíràn ni yóò jáde.

Kò sí afọkọ̀ tí yóò mọ̀ọ́mọ̀ po kẹ́míkà wọ̀nyí pọ̀. Àpò ni ó ń bá a pò ó. Bí alùpùpù bá ti ń já sínú kòtò, ìdérí ìgò á máa dẹ̀. Ohun tí ó bá jò á dúró sí ìdí àpò de èyí tí yóò jò tẹ̀ lé e. Ìdí nìyí tí kò fi tó kí kẹ́míkà méjì wà nínú ìgò méjì. Ó yẹ kí ìgò kọ̀ọ̀kan dúró ṣánṣán nínú abọ́ ike tirẹ̀, kí ásíìdì wà ní apá kan, kí bílíìṣì wà ní apá kejì, kí aṣọ tàbí ọṣẹ sì wà láàrin.

Ó yẹ kí àfikún kan wà lórí omi ìfọ ríìmù. Òmíràn nínú rẹ̀ ní ásíìdì haidirofulọ́ríìkì tàbí ẹ̀yà rẹ̀, tí ó lè wọ awọ ara lọ láìta ènìyàn lójú ẹsẹ̀, tí yóò sì máa bá kálísíọ̀mù inú ara jà. Nítorí èyí, òkè àpò ni ibi tí ó yẹ ìbọ̀wọ́, kì í ṣe ìsàlẹ̀. Ohun tí ènìyàn gbọ́dọ̀ tú ẹrù kí ó tó rí kì í sábà di lílò.

6.0 Ìpínyà kẹta: kẹ́míkà àti ohun mímu

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè. Wọ́n sábà máa ń fi òwe yìí sọ̀rọ̀ nípa ìrànlọ́wọ́ láàrin ọmọdé àti àgbà. Ṣùgbọ́n òye ìkẹ́rù wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú: gíga pẹpẹ jẹ́ ààbò fún ọmọdé. Afọkọ̀ tí ó ní ibùdó ní pẹpẹ. Alárìnká kò ní in. Ilẹ̀ àgbàlá oníbàárà ni àpò rẹ̀ ń jókòó sí, níbi tí àwọn ọmọ ilé gbé ń ṣeré, níbi tí ọwọ́ ọmọdé tó dáadáa. Gíga tí ó ti sọ nù yìí ni ètò inú àpò gbọ́dọ̀ rọ́pò.

Ohun tí ó mú ọ̀rọ̀ náà le sí i ni àṣà dída kẹ́míkà sínú ike omi tàbí ike ọtí ẹlẹ́rìndòdò. Àṣà náà ní ìdí tirẹ̀. Kẹ́ẹ̀gì ńlá ni ó dínwó jù láti rà, kò sì ṣeé gbé kiri. Ó di dandan kí afọkọ̀ bù díẹ̀ dání. Bíbù kọ́ ni ẹ̀bi, bí kò ṣe ohun tí wọ́n bù ú sí. Ọmọ tí kò tíì mọ ìwé kà mọ ìgò kà. Bí ó bá rí ike tí ìyá rẹ̀ fi ń fún un ní ohun dídùn, ike náà ti sọ fún un pé kí ó mu. Ọ̀nà yìí kan náà ni kẹrosínì gbà ń ṣe àwọn ọmọdé lọ́ṣẹ́ nínú ilé láti ìgbà pípẹ́.

Ìjọba mọ̀ nípa ewu bí èyí. Ní 1970, orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà ṣe òfin tí ó mú kí àwọn ohun olóró kan nínú ilé máa ní ìdérí tí ó ṣòro fún ọmọdé láti ṣí. Ní Nàìjíríà, òfin 1993 tí ó dá àjọ NAFDAC sílẹ̀ fi àbójútó kẹ́míkà kún iṣẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìdérí àti àkọlé kì í bá omi lọ. Nígbà tí wọ́n bá ti da kẹ́míkà kúrò nínú ohun tí wọ́n kó o sí láti ilé-iṣẹ́, òfin ti dúró sẹ́yìn. Ọwọ́ afọkọ̀ ni ó kù.

Bí ọmọ bá ṣèèṣì gbé e mu, kí wọ́n má ṣe fún un ní epo pupa tàbí ohunkóhun tí yóò mú un bì. Ohun tí ó jó ọ̀nà ọ̀fun nígbà tí ó ń lọ yóò tún jó o nígbà tí ó bá ń bọ̀, ó sì lè gba ẹ̀dọ̀fóró lọ. Kí wọ́n gbé ọmọ náà lọ sí ilé-ìwòsàn kíákíá, pẹ̀lú ike tí ó mu nínú rẹ̀, kí dókítà lè mọ ohun tí ó ń bá jà.

7.0 Bí àpò náà ṣe lè rí

Ètò tí ó bá àlàyé òkè yìí mu kò gba owó púpọ̀. Garawa méjì ni ó yẹ, kí ọ̀kan ki bọ inú èkejì nígbà ìrìn. Àpò kan yóò wà fún aṣọ mímọ́, òmíràn fún aṣọ ìdọ̀tí, kékeré kan fún búrọ́ọ̀ṣì àti aṣọ ríìmù. Àpótí ike onídèérí tí ó ní kọ́kọ́rọ́ yóò wà fún kẹ́míkà, pẹ̀lú abọ́ fún ìgò kọ̀ọ̀kan nínú rẹ̀. Ìgò afúnmi tí kò jọ ti ohun mímu ni wọn yóò bu kẹ́míkà sí, wọn yóò sì fi yíǹkì tí kì í parẹ́ kọ orúkọ rẹ̀ sí i lára.

Ibi tí ẹrù ń sùn pẹ̀lú ṣe pàtàkì. Agolo tí wọ́n ń tẹ̀ kí ó tó fọ́n sábà máa ń ní ìkìlọ̀ pé kí ooru má ṣe ju 50°C lọ lára rẹ̀. Inú ọkọ̀ tí ó wà ní títì nínú oòrùn ọ̀sán lè kọjá ìwọ̀n yìí, agolo náà sì lè bẹ́. Búùtù ọkọ̀ kì í ṣe ilé fún un.

8.0 Àsọkágbá

Iṣẹ́ yìí ti fi hàn pé ìpínyà mẹ́ta ni àpò afọkọ̀ alárìnká gbọ́dọ̀ ṣe: ti iyanrìn sí aṣọ, ti ásíìdì sí bílíìṣì, àti ti kẹ́míkà sí ohun mímu. Èkíní ń dáàbò bo ọkọ̀, èkejì ń dáàbò bo oníṣẹ́, ẹ̀kẹta ń dáàbò bo ọmọ ọlọ́mọ. Ẹni tí ó gbẹ́ ọpọ́n igẹ̀dẹ̀ àti ẹni tí ó rán apó mọ ìlànà yìí. Ohun tí ó yí padà ni ẹrù, kì í ṣe ọgbọ́n. Ilé ni wọ́n ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Kí afọkọ̀ tó dé ọ̀dọ̀ oníbàárà, bí ó ti to àpò rẹ̀ ní òwúrọ̀ ti pinnu bóyá ire tàbí ìbàjẹ́ ni ó ń gbé bọ̀.