Àgbáyun: Ìyàtọ̀ Láàárín Adùn Ẹnu àti Ìlera Ara

1.0 Ìfáárà

Ó ti pẹ́ tí àwọn Yorùbá ti mọ̀ pé bí ènìyàn bá jẹ àgbáyun, ohun kíkan a máa dùn lẹ́nu rẹ̀. Èso pupa kékeré yìí ni wọ́n fi ń gba adùn sínú ẹ̀kọ kíkan àti ẹmu tí ó ti kan. Igi rẹ̀, tí àwọn onímọ̀ ewéko ń pè ní Synsepalum dulcificum, jẹ́ igi ìbílẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Lóde òní, àwọn kan ń kéde pé àgbáyun ń wo àtọ̀gbẹ. Ohun tí a fẹ́ fi hàn nínú iṣẹ́ yìí ni pé ọ̀tọ̀ ni ohun tí àgbáyun ń ṣe lórí ahọ́n, ọ̀tọ̀ ni ohun tí a lè sọ pé ó ń ṣe nínú ẹ̀jẹ̀. Ewu sì wà nínú kí a da méjèèjì pọ̀.

2.0 Èròjà inú àgbáyun

Ní 1968, Kenzo Kurihara àti Lloyd Beidler, ní Amẹ́ríkà, yọ èròjà tí ń ṣe iṣẹ́ náà jáde láti inú èso yìí. Purotéènì ni, miraculin ni orúkọ rẹ̀. Miraculin fúnra rẹ̀ kò dùn. Ńṣe ni ó ń lẹ̀ mọ́ ibi tí ahọ́n fi ń mọ adùn. Bí ohun kíkan bí ọsàn wẹ́wẹ́ bá wá dé ẹnu, kíkan náà ni yóò mú kí miraculin ta ibẹ̀ jí, tí ọpọlọ yóò fi gbà pé adùn ni. Èyí lè tó wákàtí kan. Ooru iná a máa ba purotéènì yìí jẹ́; nítorí náà, àgbáyun tí a sè kò wúlò fún iṣẹ́ yìí mọ́. Ó yàtọ̀ sí thaumatin, purotéènì inú èso ewé eéran, tí ó dùn fúnra rẹ̀ láìsí kíkan.

3.0 Àǹfààní tí ó ṣeé ṣe

Ẹni tí dókítà ti kìlọ̀ ṣúgà fún lè jẹ àgbáyun tútù kí ó tó mu ẹ̀kọ kíkan, kí ó má sì fi ṣúgà sí i. Àǹfààní gidi ni èyí, ṣùgbọ́n ṣúgà tí kò jẹ ni ó mú un wá. Ìwádìí kan tí a ṣe ní Taiwan ní 2006 fi hàn pé insulin ṣiṣẹ́ dáadáa sí i lára eku tí a fún ní àgbáyun. Àmọ́ eku kì í ṣe ènìyàn. A tún ti dán an wò lára ìwọ̀nba aláìsàn jẹjẹrẹ tí ìtọ́jú ti ba ìtọ́wò wọn jẹ́, oúnjẹ sì tún dùn lẹ́nu àwọn kan nínú wọn.

4.0 Ibi tí ewu wà

Ahọ́n ni àgbáyun ń tàn jẹ. Kò lè tan ikùn jẹ. Kíkan inú ọsàn wẹ́wẹ́ kò dín kù, bí ènìyàn bá sì mu ún ní àmujù nítorí adùn, ó lè pa eyín àti ikùn rẹ̀ lára. Bákan náà, àgbàdo ni ẹ̀kọ. Yóò di ṣúgà nínú ẹ̀jẹ̀ bí a kò tilẹ̀ fi ṣúgà sí i. Nígbà tí Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù fọwọ́ sí títa èso náà ní gbígbẹ ní 2021, wọ́n yọ aboyún àti abiyamọ sílẹ̀.

5.0 Àgbálọgbábọ̀

Ó yẹ kí ẹnikẹ́ni nínú wa tí ó bá ń kọ̀wé lórí èso ilẹ̀ wa sọ bóyá inú ìgò ni a ti rí àbájáde rẹ̀, tàbí lára eku, tàbí lára ènìyàn. "Ó dùn" kì í ṣe "ó ń wo àrùn". Aláìsàn tí ó bá tìtorí àgbáyun pa oògùn rẹ̀ tì ni yóò jìyà àìṣàlàyé wa.