Kọ́pà ọdún kan, ọgbà ogún ọdún

Ní ẹ̀bá ọ̀nà ní irú ìlú bíi Mọ́níyà, Lálúpọn tàbí Àkànrán, àtíbàbà kan kì í wọ́n: òpó mẹ́rin, páànù lórí, bẹ́ǹṣì sìmẹ́ǹtì lábẹ́, orúkọ agùnbánirọ̀ lára rẹ̀, nọ́ńbà tó fi OY bẹ̀rẹ̀, àti ọdún tó sìnlú. Olórúkọ ti padà sílé tipẹ́. Bí ìjì bá ṣí páànù, kò sẹ́ni tó mọ ẹni tí a ó pè. Ní ìpínlẹ̀ Alabama lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, ọgbà ìgbafẹ́ kan wà nílùú Greensboro tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti ń fi ọwọ́ ara wọn tún ṣe díẹ̀díẹ̀ láti ọdún 2006. Ó yẹ ká gbé iṣẹ́ méjèèjì sórí òṣùwọ̀n kan náà, torí pé ọ̀dọ́ tó kàwé ló wà nídìí méjèèjì, ìlú kékeré tí àgbẹ̀ yí ká ni wọ́n ti ṣe é, owó kò sì ya lulẹ̀ ní ibì kankan nínú méjèèjì.

Ẹ jẹ́ ká mú tiwa ṣáájú. Ọdún 1973 ni ìjọba Gowon dá ètò agùnbánirọ̀ sílẹ̀, lẹ́yìn ogun abẹ́lé. Kọ́pà á lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ní ibùdó, èyí tó wà ní Ìsẹ́yìn ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ níbí, wọ́n á gbé e lọ síbi iṣẹ́, ọjọ́ kan láàárín ọ̀sẹ̀ sì jẹ́ ti iṣẹ́ ìdàgbàsókè ìlú. Èyí tó bá fẹ́ dá iṣẹ́ tirẹ̀ ṣe á kọ̀wé sí alábòójútó ní ìjọba ìbílẹ̀, á gba àṣẹ, á wá máa fi lẹ́tà tọrọ owó kiri lọ́dọ̀ oníṣọ́ọ̀bù, ìjọ àti àwọn ọlọ́lá. Kí owó tó jọ, oṣù ti lọ. Bíríkìlà àdúgbò ló máa ń kọ́ ọ, kọ́pà á máa sáré kó lè parí kí ó tó gba ìwé ẹ̀rí. Ìdí tí àtíbàbà fi pọ̀ nìyẹn: ó yá kọ́, gbogbo ojú ló ń rí i, àyè orúkọ sì wà lára rẹ̀. Mi ò fi ṣe yẹ̀yẹ́ o. Ẹni tó bá ti fi oṣù kẹta dúró de mọ́tò lójú oòrùn mọ̀ pé àtíbàbà kì í ṣe nǹkan kékeré.

Ti Alabama ń jẹ́ Rural Studio. Samuel Mockbee àti D. K. Ruth, olùkọ́ ní Yunifásítì Auburn, ló dá a sílẹ̀ ní 1993, ní agbègbè Hale, ilẹ̀ olówùú àtijọ́ tí òṣì ti bá jà gan-an. Àwọn tó ń kọ́ iṣẹ́ yíya àwòrán ilé á fi ọgbà yunifásítì sílẹ̀, wọ́n á lọ máa gbé ní ìletò Newbern, wọ́n á ya àwòrán, wọ́n á sì di káfíńtà àti bíríkìlà fún ohun tí wọ́n yà. Ẹ wo ohun tí wọ́n ṣe ní ọgbà Perry Lakes ní agbègbè tó múlé ti Hale, èyí tó ti wà ní títì fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní 2002, wọ́n kọ́ gbọ̀ngàn aláìlógiri síbẹ̀. Ní 2003, ìpele akẹ́kọ̀ọ́ mìíràn kọ́ ilé ìgbọ̀nsẹ̀: ọ̀kan ga fíofío, òkè rẹ̀ sì ṣí sí ojú ọ̀run, òmíràn gùn gbọọrọ, ẹni tó wà nínú rẹ̀ á máa wo igi kan ní ìparí ògiri. Ní 2004, afárá. Ní 2005, wọ́n tú ilé-ìṣọ́ irin ògbólógbòó tí wọ́n fi ń ṣọ́ iná igbó tẹ́lẹ̀, wọ́n tún un tò síbẹ̀ kí àwọn èèyàn lè gùn ún wo ẹyẹ.

Ti Greensboro, tí wọ́n ń pè ní Lions Park, tún gùn jù bẹ́ẹ̀. Pápá eré béèsìbọ́ọ̀lù ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tẹ̀ lé e, ìpele mìíràn kọ́ ibi tí àwọn ọmọ ti ń fi pákó onítáyà ṣeré. Nígbà tó kan ibi ìṣeré ọmọdé, nǹkan bí 2,000 àgbá irin ni wọ́n tò pọ̀ tí wọ́n fi ṣe ọ̀nà kọ́lọkọ̀lọ àti ibòji fún àwọn ọmọ.

Ẹni tó bá wo àgbá yẹn á sọ pé ọgbọ́n àwòrán ni wọ́n fi jù wá lọ. Mi ò gbà. Ọ̀dọ́ tó lè ro irú rẹ̀ kò wọ́n ní Pólì Ìbàdàn, káfíńtà tó lè kàn án sì wà ní Ẹgbẹ́dá. Ibi tí òṣùwọ̀n ti tẹ̀ sọ́dọ̀ wọn ni ìpadàbọ̀ sí ojú iṣẹ́ kan náà. Àjòjì lójú, kò fi ríran. Ọmọ Benue tí wọ́n gbé wá sí Lágelú, àti ọmọ Auburn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Newbern, àjòjì ni àwọn méjèèjì. Ṣùgbọ́n ìpele tó dé Greensboro lónìí bá iṣẹ́ ìpele àná nílẹ̀, ó bá ibi tí omi ti ń dúró, ó bá olùkọ́ tó ti pẹ́ níbẹ̀ tó mọ ẹni tó ń bínú sí ta ni nínú ìlú. Kọ́pà tiwa kì í bá nǹkan kan nílẹ̀ ju orúkọ ẹni tó ti lọ.

Ká má fi ojú ire nìkan wo tiwọn. Yunifásítì ló wà lẹ́yìn wọn, pẹ̀lú onímọ̀ ẹ̀rọ tó ń yẹ iṣẹ́ wò, nígbà tí kọ́pà ń dá nìkan fi lẹ́tà ṣagbe. Àwọn kan sì ti béèrè bóyá ó tọ́ kí ọmọ tó ṣì ń kọ́ṣẹ́ máa fi ìlú tálákà kọ́ ọ. Ìbéèrè yẹn ṣe pàtàkì fún Ọ̀nà-Àrà bó ṣe ṣe pàtàkì fún Hale.

Nílẹ̀ tiwa, ẹni tó pe ọ̀wẹ̀ ló ń sọ ibi tí ògiri máa gbà, àwọn tó wá bá a mọ ọ́n sì ń bẹ ládùúgbò. Bí ògiri bá sán, wọ́n á gbọ́. Nígbà tí Táí Ṣólàrín dá ilé-ìwé Mayflower sílẹ̀ ní Ìkẹ́nnẹ́ ní oṣù kìíní ọdún 1956, ó fi iṣẹ́ ọwọ́ sáàárín ẹ̀kọ́. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń dáko, wọ́n sì ń lọ́wọ́ nínú kíkọ́ ibi tí wọ́n ń gbé. Ọ̀wẹ̀ àti Mayflower ní ohun tí àtíbàbà kọ́pà kò ní: ẹni tó kọ́ ọ kò jìnnà sí i. Ó ṣeni láàánú pé ní ọ̀pọ̀ ilé-ìwé wa báyìí, àdá ti di ohun ìjìyà. Ọmọ tó pẹ́ dé ni wọ́n ń wọn pọ́ṣọ̀n koríko fún. Ta ló máa wá fẹ́ràn pápá tó jẹ́ pé ìyà ló bá a débẹ̀?

Pápá ilé-ìwé yẹn gan-an ni mo sì rò pé ó yẹ ká ti bẹ̀rẹ̀ irú ọgbà bíi ti Greensboro. Ìgboro Ìbàdàn ní ọgbà ìgbafẹ́ Agodi Gardens, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1967, tí omíyalé Ògùnpa ti 1980 bà jẹ́, tí wọ́n sì tún ṣe lásìkò Gómìnà Ajímọ̀bí. Ṣùgbọ́n owó mọ́tò láti Àkànrán débẹ̀ pẹ̀lú owó ìwọlé kì í ṣe owó tí àgbẹ̀ máa ń ná lórí ìgbafẹ́. Ilẹ̀ abúlé, ti ẹbí ni. Bí ọgbà bá dára tán lórí ilẹ̀ ẹbí kan, ọjọ́ tí ọmọ onílẹ̀ máa tà á kò jìnnà. Pápá ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni ilẹ̀ tí gbogbo ìlú gbà pé ti gbogbo ìlú ni, igi tó níbòji sì sábà máa ń wà níbẹ̀. Iyẹ̀pẹ̀ pupa wà nílẹ̀. Demas Nwoko, ayàwòrán ilé tó fi Ìbàdàn ṣe ibùdó iṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún, ti fi hàn pé búlọ́ọ̀kù tó dúró ṣinṣin ń jáde nínú rẹ̀ bí a bá pò ó mọ́ sìmẹ́ǹtì.

Kí ilé-ẹ̀kọ́ gíga kan mú pápá kan ṣoṣo, kó má sì fi í sílẹ̀ fún ọdún mẹ́wàá. Kí ìpele kìíní jókòó ti Baálẹ̀, àwọn olùkọ́ àti àwọn ìyá ọlọ́jà, kí wọ́n la ojú àgbàrá, kí wọ́n kọ́ ilé ìgbọ̀nsẹ̀, kí wọ́n sì bá ìlú pinnu ẹni tí kọ́kọ́rọ́ yóò wà lọ́wọ́ rẹ̀ ní ọjọ́ ìsinmi. Kí ìpele kejì tó gbé ohun tuntun kalẹ̀, kó kọ́kọ́ tún ohun tó ti ń jò nínú iṣẹ́ ìpele kìíní ṣe, kí olùkọ́ sì fún wọn ní máàkì lórí ìyẹn.