Ẹ JẸ́ KÁ MỌ̀: Kí ló dé tí mítà fi kọ nọ́ńbà iná?

Lálẹ́ ọjọ́ kan, mo dúró sídìí mítà wa, fóònù tí mo fi ń tanná wà láàárín eyín mi. Mo tẹ nọ́ńbà 20 tí wọ́n fún mi nígbà tí mo ra iná lẹ́ẹ̀mẹ́ta. "Reject." Owó ti lọ, iná ò dé.

Ohun tó fà á rèé. Àkókò tí a ra iná wà nínú nọ́ńbà tí wọ́n ń fún wa. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1993 ni wọ́n ti ń ka ìṣẹ́jú bọ̀, òun ni mítà fi ń mọ̀ bóyá a ti lo nọ́ńbà kan rí. Àyè tí wọ́n fi sílẹ̀ fún un kò ju ìṣẹ́jú 16,777,216 lọ. Ọjọ́ 24 oṣù kọkànlá ọdún 2024 ló kún, káàkiri àgbáyé. (Ó jọ pé wọ́n rò pé ọdún 31 jìnnà!)

Látìgbà náà, mítà àtijọ́ tí wọn ò tíì tún ṣe kò gba nọ́ńbà tuntun mọ́. Ẹ béèrè nọ́ńbà àtúnṣe méjì lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ iná yín. Ẹ tẹ ti àkọ́kọ́, ẹ tẹ èkejì, kí ẹ tó wá tẹ èyí tí ẹ rà. Ọ̀fẹ́ ni o. Ẹ má san kọ́bọ̀ fún ẹnikẹ́ni.