Bí Ọ́fíìsì Bá Ń Kó

Ní ọdún 1991 ni ìjọba yọ Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun lára Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Àwọn òṣìṣẹ́ kó láti Ìbàdàn wá sí Òṣogbo. Ní Ẹdẹ níhìn-ín náà, ìjọba ìbílẹ̀ kan ṣoṣo ti di méjì, Àríwá àti Gúúsù.

Bí ọ́fíìsì bá ń kó, àwọn kan a ní tábìlì tuntun ni ká rà. Owó ta ni? Owó ará ìlú mà ni! Tábìlì ìrókò àtijọ́ sàn ju èyí tí wọ́n fi igi lílọ̀ àti gọ́ọ̀mù tẹ̀. Bí omi bá kan ìyẹn, wíwú ló ń wú.

Ẹ mú okùn, ẹ wọn tábìlì, ẹ sì wọn ẹnu ọ̀nà ibi tí ẹ ń lọ. A ti rí ibi tí wọ́n ti fi ayùn gé ẹsẹ̀ tábìlì torí kò gba ẹnu ọ̀nà, bẹ́ẹ̀ nọ́ọ̀tì mẹ́rin péré ni wọn ì bá tú. Ẹ kó nọ́ọ̀tì sínú agolo mílíìkì, kí ẹ so ó mọ́ tábìlì.

Kọ́bọ́ọ̀dù tí ikán ti wọ̀, ẹ má kó o mọ́ èyí tó dá. Káfíńtà á gé ibi tó bàjẹ́ kúrò, á fi pákó tó kù kan àpótí fáìlì. Ẹ kọ nọ́ńbà sára àpótí kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó wá gba ìwé ẹ̀rí ọmọ ìlú kò fẹ́ gbọ́ pé ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé ni.