Òótọ́ àbí irọ́? Ọ̀rá ẹ̀gẹ́ inú máíkírówéèfù

Bí òjò bá rọ̀ ní àdúgbò wa, Ikpoba Hill, àgbàrá a máa kó ọ̀rá píọ̀-wọ́tà sọ̀kalẹ̀ lọ sínú odò Ikpoba. Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ ọ̀rá tó ń jẹrà fi ká mi lára. Wọ́n lè fi ẹ̀gẹ́ ṣe é, ẹ̀gẹ́ kò sì wọ́n wa. Nàìjíríà ló ń gbìn ín jù lágbàáyé. Ẹni tó bá ti ro sítáàṣì rí mọ bó ṣe ń rí: omi funfun yẹn á dédé ki, á máa dán, á máa fà, nígbà tí ooru bá wọ 60 sí 70 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́lísíọ́ọ̀sì. Ẹ fi gílísárìn sí i kó má baà sán, ẹ tẹ́ ẹ sórí tíréè, ẹ sá a: ọ̀rá dé. Ohun tí wọ́n fi ń sè é, sítóòfù tàbí máíkírówéèfù, ni àríyànjiyàn wà lé lórí.

Máíkírówéèfù yára ju iná lọ? Òótọ́ ni. Sítóòfù á kọ́kọ́ mú ìkòkò gbóná ná. Ìgbì máíkírówéèfù ń kan omi àti gílísárìn fúnra wọn lára, ó ń yí padà ní bílíọ̀nù 2.45 ìgbà ní ìṣẹ́jú àáyá kan.

Ṣé inú ló ti ń gbóná bọ̀ wá síta? Irọ́. Ìgbì náà kì í wọ inú ohun olómi ju sẹ̀ntímítà díẹ̀ lọ. Bí agbada bá tóbi, ẹ̀gbẹ́ á jinná, àárín á wà ní tútù.

Ìgbì kì í sì í ṣẹ́ kù sínú ọ̀rá. Ẹ pa ẹ̀rọ, ó tán.

Wọ́n tún ní ìgbì náà ní agbára àràmàǹdà tí iná kò ní. Ní 2009, Oliver Kappe àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Graz, ní Austria, lo ìgò silicon carbide, tó ń gba ìgbì náà mọ́ra, tí ooru nìkan fi ń dé ọ̀dọ̀ kẹ́míkà inú rẹ̀. Wọ́n fi wé ìgò gíláàsì tí ìgbì ń gbà kọjá. Bí ooru bá ti dọ́gba, àbájáde fẹ́rẹ̀ẹ́ má yàtọ̀ rárá. Ooru ni ooru ń jẹ́.

Èyí tó dùn mí jù ni bí wọ́n ṣe ń sọ pé ọ̀rá tó ń jẹrà á pòórá nínú gọ́tà. Irọ́ gbuu! PLA, irú ọ̀rá kan tí wọ́n ń ti ara ṣúgà àgbàdo tàbí ẹ̀gẹ́ ṣe, ń fẹ́ ooru bíi 60 nínú òkìtì ìdọ̀tí tí wọ́n ń tọ́jú dáadáa. Nínú odò tútù, ó lè pẹ́ níbẹ̀ fún ọdún púpọ̀. Sítáàṣì lásán ń tètè jẹrà lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò lè gbé omi mímu dúró: á ti rọ̀ kí oníbàárà tó já a. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń lù ú mọ́ nǹkan mìíràn. Ẹni tó bá fẹ́ tà á fún wa ní Ikpoba Hill, kó sọ ohun tó lù mọ́ ọn, kó sì sọ ibi tí ooru 60 náà yóò ti wá.