Ẹnu Ọmọ Màlúù Ni Ìjà Náà Wà

Màlúù kan á máa jẹko bó ṣe ń jẹ tẹ́lẹ̀, síbẹ̀ á máa joro, egungun ìhà rẹ̀ á ṣeé kà. Ìgbẹ́ rẹ̀ á dà bí omi, á máa ṣàn lé e ní itan lójoojúmọ́. Nígbà tó bá yá, abẹ́ àgbọ̀n rẹ̀ á wú. Àrùn Johne nìyẹn. Heinrich Albert Johne, ọ̀mọ̀wé ará Jámánì, àti Langdon Frothingham ló ṣàpèjúwe rẹ̀ ní 1895. Ìbátan kòkòrò ikọ́ fée ló ń fà á. Ó ń mú kí ìfun nípọn tó bẹ́ẹ̀ tí oúnjẹ kì í wọ ara mọ́. Kò sì sí ògùn tó ń wò ó sàn.

Ní Amẹ́ríkà, àgbẹ̀ tó bá fẹ́ ta wàrà rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ọ̀gáníìkì kò gbọdọ̀ fún màlúù ní ògùn apakòkòrò, ìyẹn áńtíbáyọ́tíìkì. Àwọn kan ní irú àgbẹ̀ bẹ́ẹ̀ ti so ara rẹ̀ lọ́wọ́ níwájú àrùn yìí. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀. Ògùn tí kò lè wo àrùn sàn, kí ni àdánù ẹni tí kò lò ó? Ọmọ màlúù ló ń kó àrùn náà, pàápàá ní oṣù díẹ̀ àkọ́kọ́, nígbà tí ìgbẹ́ àgbà bá kan ẹnu rẹ̀ tàbí tó bá mu wàrà tó ní kòkòrò. Òmíràn ti ń kó o láti inú ìyá rẹ̀. Àmì rẹ̀ kì í sábà hàn kí ọdún méjì tó pé, ó sì lè ju márùn-ún lọ. Fún ìdí èyí, ẹyọ kan tó ń ṣàìsàn lójú wa ní ọ̀pọ̀ ẹlẹgbẹ́ tí ara wọn ṣì ń dán. Ìwádìí ìjọba Amẹ́ríkà ní 2007 fojú bù ú pé nínú ọgọ́rùn-ún oko màlúù oníwàrà, bí 68 ni àrùn náà ti wọ̀.

Ibi tí òfin ọ̀gáníìkì ti le gan-an ni oúnjẹ ọmọ màlúù: wàrà ọ̀gáníìkì ló gbọdọ̀ mu, wàrà oníyẹ̀fun lásán kò bófin mu. Bí àgbẹ̀ bá wá da wàrà màlúù mẹ́wàá pọ̀ sínú korobá kan, tí ọ̀kan nínú wọn ní àrùn, gbogbo ọmọ tó mu ún ló wà nínú ewu. Kí wàrà àkọ́fún ọmọ kọ̀ọ̀kan ti ara màlúù kan ṣoṣo tí àyẹ̀wò fi hàn pé ó mọ́ wá. Kí a nu ọmú kí a tó fún un, kí a kó ìgbẹ́ kúrò níbi ìbímọ, kí àwọn ọmọ má sì jẹko lórí ilẹ̀ tí a da ìgbẹ́ àgbà sí, torí kòkòrò náà lè wà nínú ilẹ̀ ju ọdún kan lọ.

Ẹlòmíràn á sọ pé kí ọmọ máa mu ọmú ìyá rẹ̀ ló bá ìṣẹ̀dá mu. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ìyá wo? Bí tirẹ̀ bá ní àrùn, kí màlúù mìíràn tó mọ́ tọ́ ọ. Àyẹ̀wò pàápàá kò pé: ó máa ń fo ọ̀pọ̀ tí àrùn ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ̀ lára. Ìdí nìyẹn tí Dẹ́nmáàkì, láti 2006, fi ń yẹ wàrà màlúù wò léraléra, kí wọ́n lè ya àwọn tó léwu sọ́tọ̀ kí wọ́n tó bímọ. Abẹ́rẹ́ àjẹsára wà lóòótọ́, òfin ọ̀gáníìkì kò sì kọ̀ ọ́, àmọ́ kì í dènà kíkó àrùn náà pátápátá, ó sì ń da àyẹ̀wò ikọ́ fée màlúù rú.

Ẹ̀yin tó fẹ́ ra màlúù kún agbo yín, ẹ béèrè àbájáde àyẹ̀wò gbogbo agbo tó ti wá, kì í ṣe tiẹ̀ nìkan, kí ẹ tó sanwó.