Àwọ̀ Gẹ́gẹ́ Bí Àmì: Àlàyé lórí Yíya Àwòrán Ìkúùkù Ọ̀run láti Ẹ̀yìnkùlé ní Ìbàdàn

1. Ìfáárà

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìṣòro kan tí ó lè bá olùkọ́ tàbí olùdánniwò nígbàkúùgbà. A gbé àwòrán ìkúùkù kan tí ó wà láàrin àwọn ìràwọ̀ síwájú akẹ́kọ̀ọ́ fún àròkọ aṣàpèjúwe. Akẹ́kọ̀ọ́ kọ ọ́ pé: 'Ìkúùkù yìí ní àwọ̀ ewé ní àárin, etí rẹ̀ pupa, òkè rẹ̀ sì dà bí aró.' Gbólóhùn náà gún. Àmì ohùn rẹ̀ pé. Ṣùgbọ́n ṣé òótọ́ ni ohun tí ó sọ? Bí kì í bá ṣe òótọ́, ta ni ó ṣì í lọ́nà: òun fúnra rẹ̀ ni, àwòrán ni, tàbí àwa tí a kọ́ ọ?

Ohun tí a fẹ́ fi hàn nínú iṣẹ́ yìí ni pé irú àwòrán bẹ́ẹ̀ kì í purọ́, ṣùgbọ́n ó yẹ kí a kọ́ bí a ti ń kà á. Àwọ̀ inú rẹ̀ jẹ́ àmì, gẹ́gẹ́ bí àmì ohùn ti jẹ́ àmì lórí fáwẹ̀lì. Kí ọ̀rọ̀ wa lè yé, a ó ṣàlàyé (a) ohun tí ìkúùkù ọ̀run jẹ́; (b) bí ènìyàn ṣe lè ya àwòrán rẹ̀ láti ẹ̀yìnkùlé nínú ìlú tí iná pọ̀ sí bí Ìbàdàn; (d) ọ̀nà tí àwọ̀ ń gbà wọ inú àwòrán náà; àti (e) ohun tí èyí kọ́ àwa tí a ń kọ́ni ní èdè Yorùbá tí a sì ń dán akẹ́kọ̀ọ́ wò nínú rẹ̀.

2. Ohun tí ìkúùkù ọ̀run jẹ́

Nẹ́búlà ni àwọn onímọ̀ ìràwọ̀ ń pe ohun tí a ń sọ yìí. Ọ̀rọ̀ Látìn ni, kùrukùru ni ó sì túmọ̀ sí. Nítorí náà, bí a bá pè é ní ìkúùkù ọ̀run, a kò ṣe ju ohun tí àwọn tí ó kọ́kọ́ sọ ọ́ lórúkọ ti ṣe lọ. Kí olùkọ́ ṣáà rántí láti sọ pé kì í ṣe ìkúùkù òjò. Gáàsì àti eruku ni, ó sì jìnnà ré kọjá oòrùn.

Èyí tí ó rọrùn jù láti rí ní ilẹ̀ wa ni ti Orion. Bí a bá gbójú sókè ní alẹ́ oṣù Kìíní, a ó rí ìràwọ̀ mẹ́ta tí ó tò lórí ìlà kan. Nítòsí wọn ni a ó ti rí àwọn ìràwọ̀ kéékèèké kan; ọ̀kan láàrin wọn kò mọ́ kedere, àfi bí ẹni pé wọ́n fi ìka pa á rẹ́ díẹ̀. Ìyẹn ni ìkúùkù náà. Ìmọ́lẹ̀ ń rìn tó 300,000 kìlómítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Síbẹ̀, èyí tí ó kúrò níbẹ̀ ń lo nǹkan bí 1,300 ọdún kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa.

Kí ni ó mú kí gáàsì máa tàn? Àwọn ìràwọ̀ tí ó gbóná gidigidi wà láàrin rẹ̀. Agbára ìmọ́lẹ̀ wọn a máa já ẹlẹ́kítírọ̀nù kúrò lára átọ́ọ̀mù gáàsì, gbogbo rẹ̀ a sì máa ru. Nígbà tí àwọn átọ́ọ̀mù bá ń rọlẹ̀ padà, wọn a tú ìmọ́lẹ̀ jáde. Irú gáàsì kọ̀ọ̀kan ní ìmọ́lẹ̀ tirẹ̀, bí olúkúlùkù ti ní ohùn tirẹ̀. Nánómítà ni a fi ń wọn ìgùn ìgbì ìmọ́lẹ̀. Mílíọ̀nù kan rẹ̀ ni ó wà nínú mìlímítà kan ṣoṣo. Mẹ́ta ni ó kàn wá níhìn-ín:

(i) háídírójìn, tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ wà ní 656.3 nánómítà;
(ii) ọ́síjìn tí ó ti pàdánù ẹlẹ́kítírọ̀nù méjì, ní 500.7 nánómítà;
(iii) imí-ọjọ́ tí ó ti pàdánù ẹlẹ́kítírọ̀nù kan, ní nǹkan bí 672 nánómítà.

Ìtàn kan wà lórí ọ́síjìn yìí tí ó kan gbogbo ẹni tí ń ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀. Ní 1864, William Huggins, ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, pín ìmọ́lẹ̀ ìkúùkù kan sí wẹ́wẹ́ bí òṣùmàrè. Ó rí ìlà aláwọ̀ ewé kan tí kò bá ti ohunkóhun tí a mọ̀ ní ayé mu. Nígbà tí ó yá, àwọn onímọ̀ ṣẹ̀dá orúkọ fún gáàsì tuntun tí wọ́n rò pé ó ni ìlà náà. Wọ́n pè é ní nebulium. Ó di 1927 kí Ira Bowen, ará Amẹ́ríkà, tó fi hàn pé kò sí gáàsì tí ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ọ́síjìn tí gbogbo wa ń mí ni, ṣùgbọ́n ó wà ní ipò tí a kì í bá a lórí ilẹ̀ ayé. Orúkọ ti wà, ẹni tí ń jẹ́ ẹ ni kò sí. Ẹ̀kọ́ ni èyí jẹ́ pé kí a mọ ohun kí a tó sọ ọ́ lórúkọ.

3. Asẹ́ àti ojú asẹ́

Ohun tí ó jẹ́ kí iṣẹ́ yìí ṣe é ṣe láàrin ìlú ni asẹ́ ìmọ́lẹ̀. Ẹni tí ó bá ti rí ibi tí wọ́n ti ń sẹ́ ògì mọ ohun tí asẹ́ ń ṣe: ògì a kọjá, èèrí a dúró. Bí ojú asẹ́ bá ṣe rí ni yóò pinnu ohun tí yóò kọjá. Dígí pẹlẹbẹ ni asẹ́ ìmọ́lẹ̀, iwájú kámẹ́rà ni a sì ń fi í sí. Ìmọ́lẹ̀ tí ojú ènìyàn lè rí gbòòrò tó nǹkan bí 300 nánómítà. Irú asẹ́ yìí kì í sábà gba ju 3 sí 7 lọ nínú wọn. Ọ̀kan wà fún háídírójìn, ọ̀kan fún ọ́síjìn, ọ̀kan fún imí-ọjọ́. A dábàá pé kí a máa pè é ní asẹ́ olójú-tín-ín-rín, nítorí pé ojú ni Yorùbá ń pe ihò asẹ́ tẹ́lẹ̀.

Iná òpópónà tí ó máa ń pọ́n bí ọsàn a máa kó ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ jọ sí nǹkan bí 589 nánómítà. Kò sí ọ̀kan nínú asẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí ó ń gba ibẹ̀. Iná LED funfun tí ó wọ́pọ̀ lóde òní le jù ú lọ, nítorí pé ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ tàn ká òṣùmàrè. Síbẹ̀, ìwọ̀nba díẹ̀ ni ojú asẹ́ ń gbà wọlé. Bákan náà ni ọ̀rọ̀ òṣùpá rí.

4. Iṣẹ́ náà ní ẹ̀yìnkùlé

Ẹ jẹ́ kí a fi ẹ̀yìnkùlé kan ní Bódìjà ṣe àpẹẹrẹ. Ní ìhà gúúsù, iná Dùgbẹ̀, Ring Road àti Challenge ti sọ ojú ọ̀run di ràkọ̀ràkọ̀. Ní àríwá, Agbowó kì í jẹ́ kí ilẹ̀ ṣú tán. Bí iná ọba bá lọ, òkùnkùn a dé díẹ̀, ṣùgbọ́n jẹnẹrétọ̀ a bẹ̀rẹ̀, èéfín rẹ̀ a sì gbalẹ̀. Bátìrì ni ó yẹ kí ẹ̀rọ máa lò, kí iṣẹ́ má baà dúró lójijì. Ẹ̀rọ ìwòràwọ̀ tí àwọn mìíràn ń pè ní tẹlisíkóópù kò ní láti tóbi. Èyí tí ẹnu rẹ̀ fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà mẹ́jọ tó fún ìkúùkù Orion. Ohun mẹ́ta ni ó le níbẹ̀.

(a) Títẹ̀lé ìràwọ̀. Nítorí pé ayé ń yí, àwọn ìràwọ̀ ń ṣí nípò ní dígírì 15 ní wákàtí kan. Bí ẹ̀rọ kò bá tẹ̀lé wọn, àwòrán yóò fà gbọọrọ. Kí ó tó lè tẹ̀lé wọn, a gbọ́dọ̀ dojú ọ̀pá rẹ̀ kọ ibi tí ojú ọ̀run ti ń yí po, nítòsí Ìràwọ̀ Àríwá. Ní Lọ́ńdọ̀nù, ìràwọ̀ yìí ga tó dígírì 51 sí ilẹ̀. Ní Ìbàdàn, dígírì 7 péré ni. Ògiri ilé aládùúgbò tó láti bò ó, ẹsẹ̀ ẹ̀rọ mìíràn kò sì lè tẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ọgbọ́n tí a ń dá ni kí kọ̀ǹpútà fi àwọn ìràwọ̀ mìíràn ṣírò ibi tí ó wà. Ìwé ìlò ẹ̀rọ tí a kọ fún ará ibòmíràn kì í sábà ronú kan ẹni tí ń gbé ní ilẹ̀ wa.

(b) Àsìkò. Nígbà tí Orion bá ga jù lọ ní alẹ́ ni ọyẹ́ ń fẹ́, tí eruku sì ń bo ojú ọ̀run. Ìkúùkù tí a ń pè ní Ẹyẹ Idì sì ń yọ dáadáa láàrin oṣù Kẹfà sí oṣù Kẹjọ, nígbà tí òjò kò jẹ́ kí a rí òkè. Ìparí oṣù Kọkànlá kí ọyẹ́ tó dé, tàbí alẹ́ tí ó tẹ̀lé àkọ́rọ̀ òjò ní oṣù Kẹta, ni ó dára jù fún ti Orion.

(d) Sùúrù. Henry Draper, ará Amẹ́ríkà, ni ó kọ́kọ́ ya fọ́tò ìkúùkù Orion, ní 30 Oṣù Kẹsàn-án, 1880. Ó ṣí kámẹ́rà sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 51. Lóde òní, a lè ya ọ̀kọ̀ọ̀kan fún ìṣẹ́jú márùn-ún, kí a yà á lọ́pọ̀ ìgbà, kí kọ̀ǹpútà sì pa wọ́n pọ̀. Bí a bá pa àwòrán 16 pọ̀, àǹfààní rẹ̀ lórí hóró-hóró tí ń ba àwòrán jẹ́ jẹ́ ìlọ́po mẹ́rin. Nítorí náà, asẹ́ mẹ́ta lè gba ọ̀pọ̀ alẹ́.

5. Bí àwọ̀ ṣe ń wọ inú àwòrán

Ibí yìí ni kókó ọ̀rọ̀ wà. Irú kámẹ́rà tí a sábà ń lò fún iṣẹ́ yìí kò mọ àwọ̀. Bí ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ tó nìkan ni ó ń kọ sílẹ̀. Àwòrán tí a bá fi asẹ́ kọ̀ọ̀kan yà yóò jẹ́ dúdú àti funfun, bí ti tẹlifíṣọ̀n WNTV nígbà tí ó bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn ní 31 Oṣù Kẹ̀wàá, 1959. Nígbà tí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá pé, ènìyàn ni yóò yan àwọ̀ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú àwọ̀ mẹ́ta tí ojú tẹlifíṣọ̀n ń lò: pupa, àwọ̀ ewé àti búlúù.

Ìlànà tí ó gbajúmọ̀ jù ni èyí tí Jeff Hester àti Paul Scowen lò fún àwòrán ìkúùkù Ẹyẹ Idì tí a fi ẹ̀rọ Hubble yà ní 1 Oṣù Kẹrin, 1995. Imí-ọjọ́ gba pupa, háídírójìn gba àwọ̀ ewé, ọ́síjìn gba búlúù. Èyí tí ìgbì rẹ̀ gùn jù ni ó gba àwọ̀ tí ìgbì rẹ̀ gùn jù; èyí tí ó kúrú jù gba èyí tí ó kúrú jù. Wọ́n pa ètò mọ́, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọ̀ yí padà.

Kí ló dé tí wọn kò fi háídírójìn sílẹ̀ ní pupa tí ó jẹ́? Ìdí ni pé imí-ọjọ́ náà pupa. Nánómítà 16 péré ni ó wà láàrin wọn. Bí a bá fi pupa kọ méjèèjì, wọn yóò dàpọ̀, a kò sì ní mọ ibi tí ọ̀kan gbé pin.

Olùkọ́ Yorùbá ni ó yẹ kí èyí tètè yé. Bí a bá kọ *igba* láìfi àmì sí i, iye owó ni, igbá ni, ìgbà ni, tàbí igbà tí a fi ń gun ọ̀pẹ ni? Ohùn ènìyàn kò dagun sí ọ̀tún tàbí sí òsì bí àmì ti dagun lórí ìwé. Síbẹ̀, kò sí ẹni tí ó ní ìmọ̀ tí yóò pe àmì ohùn ní irọ́. Ohun tí àwọ̀ ewé ń ṣe fún háídírójìn nìyẹn: ó ń ya pupa kan sọ́tọ̀ kúrò lára pupa kejì.

6. Ohun tí ó kan olùkọ́ àti olùdánniwò

Láti ọdún 1970 ni iṣẹ́ ìwádìí Ilé-Ifẹ̀ tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá darí ti fi èdè Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní sáyẹ́ǹsì. Kì í ṣe pé èdè wa kò gbà á. Ohun tí ó kù ni kí a máa lò ó pẹ̀lú ìṣọ́ra. A ní àbá mẹ́rin.

(a) Kí a ya ọ̀rọ̀-ìṣe sọ́tọ̀. Bí a bá fi ojú wo ìkúùkù Orion nínú ẹ̀rọ kékeré, ó sábà máa ń dà bí eérú, nítorí pé ojú wa kì í rí àwọ̀ dáadáa nínú òkùnkùn. Háídírójìn inú rẹ̀ ń tan ìmọ́lẹ̀ pupa. Nínú àwòrán, a fi àwọ̀ ewé dúró fún un. Òótọ́ ni gbólóhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta: *ó dà bí*, *ó ń tan*, *a fi dúró fún*. Ẹni tí ó bá fi *ó ní àwọ̀* kó gbogbo rẹ̀ pọ̀ ni ó ṣìnà.

(b) Kí ìbéèrè wa ṣe pàtó. 'Ṣe àpèjúwe àwòrán yìí' yàtọ̀ sí 'Ṣe àpèjúwe ìkúùkù yìí.' Bí ó bá jẹ́ ti àkọ́kọ́ ni a béèrè, ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ tí a fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ gba máàkì rẹ̀ pé. Bí ó bá jẹ́ ti èkejì, tí a kò sì kọ àlàyé àwọ̀ sí abẹ́ àwòrán, àwa ni a jẹ̀bi. Kò tọ́ kí a yọ máàkì akẹ́kọ̀ọ́ nítorí ohun tí a fi pa mọ́ fún un.

(d) Kí a má fi èdè Gẹ̀ẹ́sì díwọ̀n àwọ̀ Yorùbá. Pupa wa gba ẹ̀jẹ̀, epo àti ọsàn tí ó pọ́n mọ́ra. Dúdú wa gba aró àti ewé tí ó tutù yọ̀yọ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá pe apá tí a fi búlúù tí ó ki kùn ní dúdú bí aró kò ṣi èdè lò.

(e) Kí a ṣọ́ra fún ìtumọ̀. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan wà tí ó pe irú àwọ̀ yìí ní èké. Bí a bá túmọ̀ rẹ̀ bẹ́ẹ̀, a ó mú kí akẹ́kọ̀ọ́ rò pé ẹni tí ó lo ọ̀pọ̀ alẹ́ lórí iṣẹ́ rẹ̀ fẹ́ tan òun jẹ. A dábàá *àwọ̀ adúrófún*. Ó sọ ohun tí ó ń ṣe, kò sì bú u.

7. Ìgúnlẹ̀

A ti rí i pé gáàsì ọ̀run ní ìmọ́lẹ̀ tí a lè fi dá a mọ̀, pé asẹ́ olójú-tín-ín-rín lè yọ ọ́ kúrò láàrin iná ìlú, àti pé àwọ̀ tí ó kẹ́yìn jẹ́ àmì tí ènìyàn yàn pẹ̀lú ètò. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó kọ́ láti béèrè pé 'Kí ni àwọ̀ yìí dúró fún?' ti kọ́ láti ka àwòrán. Bí a bá tún kọ́ ọ ní ọ̀rọ̀-ìṣe tí ó yẹ, kò ní ṣòro fún un láti sọ òótọ́ nípa ohun tí ó jìnnà tó bẹ́ẹ̀, ní èdè abínibí rẹ̀.